Òkúta Itọ́ Tí Kò Sí Níbẹ̀

Aláìsàn náà jẹ́ obìnrin ẹni ọdún 54, ọmọ Yorùbá tó ti ń gbé ní gúúsù London fún nǹkan bí ogún ọdún. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Ó gbà kí n kọ ìtàn yìí, mo sì ti yí àwọn nǹkan kéékèèké padà kí ará àdúgbò má bàa dá a mọ̀. Aǹtí ni mo ń pè é nínú yàrá ìtọ́jú, Aǹtí náà ni n ó máa pè é níbí.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá sí ilé ìtọ́jú eyín wa, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fi mọ́tò gbé e wá. Aǹtí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n ìrora ti lé e padà sínú Yorùbá, ọmọ ló sì ń túmọ̀ fún dókítà tó gbà á wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí kò gbọ́ èdè wa. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi yìí ni. Tí mo bá ti ń jẹun báyìí, wàhálà dé." Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe túmọ̀ rẹ̀, kò fi kún un, kò sì yọ kúrò.

Kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ eyín nínú gbólóhùn yẹn. Dókítà eyín tó bá gbọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti oúnjẹ pa pọ̀, òkúta itọ́ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Àpò itọ́ tó tóbi jù wà níwájú etí. Ọ̀nà rẹ̀ gba inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá, ó sì ṣí sínú ẹnu ní ọ̀kánkán eyín ńlá kejì lókè. Bí òkúta bá dí ọ̀nà yìí, òórùn ata díndín nìkan ti tó: itọ́ á dà, kò ní rí ibi gbà jáde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì wú bí ẹni tó fi ẹ̀kọ sẹ́nu tí kò gbé e mì.

Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní fọ́ọ̀mù. Ṣé ó ń lo oògùn? Bẹ́ẹ̀ ni, ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un rí? Bẹ́ẹ̀ ni, ti fíbírọ́ìdì, ó ti pẹ́. Ṣé irin kankan wà lára rẹ̀? Rárá. Ṣé oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà? Rárá. Òótọ́ ni gbogbo ìdáhùn yìí látòkèdélẹ̀, ẹ fi sọ́kàn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ya OPG, fọ́tò X-ray tí ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń yí orí ènìyàn ká, tó sì máa ń gbé gbogbo eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní apá òsì, lórí gbòǹgbò eyín ńlá àkọ́kọ́ lókè, wọ́n rí àwọn àmì funfun wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá fọ́n gaàrí sórí aṣọ dúdú. Eyín yẹn fúnra rẹ̀ ti ní ìtàn tirẹ̀: wọ́n ti fọ inú gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n dí i, wọ́n sì dé e ládé ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn. Ní apá ọ̀tún, irú àmì bẹ́ẹ̀ wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹlẹgbẹ́ mi kọ sílẹ̀ ni pé òkúta wẹ́wẹ́ wà ní ojú ọ̀nà itọ́ apá òsì, àti pé èyí tó hàn ní ọ̀tún jẹ́ òjìji ti òsì. Òjìji yìí kì í ṣe àlọ́. Bí ẹ̀rọ OPG ṣe ń yí ká, ohun líle tó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan lè tún yọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Yẹtí tí obìnrin gbàgbé sí etí, píìnì tí wọ́n fi di gèlè mú, gbogbo wa la ti rí i rí. Ṣùgbọ́n irú òjìji bẹ́ẹ̀ máa ń ga ju ojúlówó lọ, ó máa ń tóbi jù ú lọ, kì í sì í hàn kedere. Èyí tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún Aǹtí kò ga ju ti òsì, kò tóbi jù ú, bákan náà ni àwọn méjèèjì ṣe hàn. Mo mọ èyí báyìí nítorí mo ti mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ká ní èmi ni mo wà lórí àga lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú aláìsàn mẹ́ta tó ń dúró níta, ó ṣeé ṣe kí n kọ ohun kan náà.

Wọ́n kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ńlá kí wọ́n bá a wo òkúta itọ́. Wọ́n ní kí ó máa mu omi púpọ̀, kí ó máa lá ọsàn wẹ́wẹ́ kí itọ́ lè fi agbára ti òkúta jáde. Aǹtí lá ọsàn wẹ́wẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 7. Láàrin ìyẹn, ó lo amoxicillin, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, ní ẹ̀ẹ̀mejì, ara á rọ̀ ọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tún padà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó padà wá pẹ̀lú ibà àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú títí dé abẹ́ ojú. Ọ̀dọ̀ mi ló bọ́ sí.

Kí n tó wo fọ́tò rárá, mo bi í pé oúnjẹ wo ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

"Gbogbo oúnjẹ ni, Dókítà."

"Àmàlà ńkọ́?"

"Àmàlà? Àmàlà ò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Mọ́ínmọ́ín?"

"Rárá o."

"Kí wá ni, mà?"

Ó ronú díẹ̀. "Ẹran ni. Ṣàkì. Àti àgbàdo sísun tí mo rà ní Peckham lọ́jọ́sí, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

Òkúta itọ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàrin àmàlà àti ṣàkì. Àmàlà tó gbóná, ewédú àti gbẹ̀gìrì lórí rẹ̀, ẹnu ta ni kò ní ṣomi? Bó bá jẹ́ òkúta ni, àmàlà ni ì bá kọ́kọ́ dá a lóró. Eyín ló mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí a ń gbé mì àti ohun tí a ń jẹ lẹ́nu.

Mo fi ìka tẹ àpò itọ́ rẹ̀ láti iwájú etí bọ̀ wá sí ẹnu, mo sì ń wo ojú ihò rẹ̀ lábẹ́ iná. Itọ́ tó mọ́ ṣẹ́ jáde ní ọ̀tún, itọ́ tó mọ́ ṣẹ́ jáde ní òsì. Ọ̀nà tó dí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fi ìdí dígí kékeré kan eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé orí eyín aládé yẹn, ó gbá ọwọ́ mi mú.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní láti rí i kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo ya fọ́tò kékeré eyín náà nìkan. Ibí ni mo ti wá mọ ohun tí àwọn àmì funfun náà ń ṣe fún wa. Bí ìdọ̀tí bá kó sí ṣóńṣó gbòǹgbò eyín, ó máa ń jẹ egungun tó yí i ká, ibẹ̀ á sì dúdú nínú fọ́tò. Òkùnkùn kékeré yẹn ni a máa ń wá. Ṣùgbọ́n fọ́tò X-ray máa ń to ohun tó wà níwájú àti ohun tó wà lẹ́yìn lé ara wọn lórí ni. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti máa ń bo gbòǹgbò àwọn eyín yìí tẹ́lẹ̀. Àwọn gaàrí funfun wa tún wá wọ́n lé e. Funfun bọ́ sórí dúdú, àwọn méjèèjì di eérú, eérú sì ni àwọ̀ egungun tí nǹkan kan kò ṣe. Kí a rí ohun tí kò sí ṣì kéré. Èyí tó burú ni pé ó bo ohun tó wà mọ́lẹ̀.

Ọgbọ́n kan wà tí olùkọ́ wa máa ń lò, tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó, tí ilé ìtọ́jú tí kò ní ẹ̀rọ olówó ńlá sì lè lò. Dípò kí a gbé fíìmù sí ẹ̀yìn eyín bí a ti máa ń ṣe, a gbé e sí àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín, a sì dín agbára ìtànṣán kù sí bí ìdajì. Ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni ìtànṣán máa gbà kọjá kó tó kan fíìmù. Kò sí eyín níbẹ̀, kò sí egungun. Ohunkóhun tó bá funfun, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló wà.

Ó funfun. Kò dà bí òkúta, tó sábà máa ń jẹ́ hóró kan tàbí méjì lójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Ó tò ní ìlà ìlà, ìlà kọ̀ọ̀kan ń yà kúrò lára èkejì bí ìka ọwọ́ tí a tẹ́, gẹ́gẹ́ bí ohun tí abẹ́rẹ́ ń já sílẹ̀ bó ṣe ń padà jáde. Mo ya ọ̀tún náà. Bákan náà.

Mo ti ro àwọn nǹkan mìíràn kí n tó dé ibẹ̀. Ẹni tó dàgbà ní Nàìjíríà lè ti ní ikọ́ ẹ̀gbẹ nígbà kan kí ó má tilẹ̀ mọ̀, kókó ọrùn tó wú nígbà náà á sì gbẹ di bí òkúta. Ṣùgbọ́n abẹ́ àgbọ̀n ni wọ́n máa ń wà, wọ́n á sì rí gúlúgúlú. Òkúta inú iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń ní òrùka nínú bí àlùbọ́sà tí a gé. Irorẹ́ tó ti pẹ́ lè fi hóró wẹ́wẹ́ sílẹ̀ sábẹ́ awọ, ṣùgbọ́n ojú Aǹtí dán ju tèmi lọ.

Ó dán ju bó ṣe yẹ lọ, kí n má parọ́.

Mo bẹ ọmọ rẹ̀ kí ó bá wa lọ wo bóyá àkókò mọ́tò rẹ̀ kò tíì pé níta. Ó jáde. Mo fa àga mi súnmọ́ ọn.

Bí a ṣe ń bi ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì. Bí ènìyàn bá bi obìnrin Yorùbá àgbà pé "Ṣé ẹ ti ṣe ojú?", èébú ni. Mo ní: "Aǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ti gún yín lábẹ́rẹ́ lójú tàbí lẹ́rẹ̀kẹ́ rí, yálà fún ìtọ́jú tàbí fún ẹwà, níbí tàbí nílé?"

Ó dákẹ́. Ó wo ilẹ̀kùn. "Ta ló sọ fún yín?"

"Fọ́tò ni, mà."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú sí, pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú yẹn. Oṣù márùn-ún kí eyín tó bẹ̀rẹ̀ ni, nígbà ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ tó wà níta yìí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló mú un lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń gún un nínú yàrá lókè ṣọ́ọ̀bù. "Bàbá rẹ̀ ò mọ̀. Òun gan-an ò mọ̀. Níbi ìnáwó yẹn, àwọn ìyàwó pásítọ̀ ń sọ pé ògo Ọlọ́run ló ń tàn lójú mi. Ṣé kí n wá sọ pé abẹ́rẹ́ ni?"

Mo bi í ìdí tí kò fi kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ rárá nínú èsì rẹ̀: "Ẹ bi mí nípa oògùn. Ṣé oògùn nìyẹn? Ẹ bi mí nípa iṣẹ́ abẹ. Ta ló là mí? Ẹ bi mí nípa irin. Kò sí irin níbẹ̀. Tani ó wá bi mí nípa ẹwà?"

N kò rí èsì fún un.

Kò mọ orúkọ ohun tí wọ́n gún un, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ya páálí rẹ̀ sórí WhatsApp. Fíllà, ohun tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ kí ojú lè kún, ni; oníkálísíọ́mù ni, calcium hydroxylapatite. Hóró roboto wẹ́wẹ́ ni wọ́n pò mọ́ nǹkan tó ń fà bí ògì, hóró kọ̀ọ̀kan jẹ́ maikírọ́ọ̀nù 25 sí 45, kékeré ju kí ojú lè rí i. Láìpẹ́, ara á gbé ògì náà lọ, hóró á kù, ẹran tuntun á sì hù yí wọn ká, ìyẹn ló ń mú ojú kún. Iṣẹ́ rẹ̀ lè tó oṣù 12 sí 18 kí ara tó tú u ká. Láti ọdún 2006 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí i fún ìlà ẹ̀gbẹ́ imú, àti fún ojú tó rù nítorí àrùn HIV. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ni pé èròjà kan náà ni Ọlọ́run fi mọ egungun àti eyín wa. Kò sí ìdí tí X-ray kò fi ní rí i bí egungun. Ìwé tó ń bá ọjà náà rìn sọ ọ́ kedere pé ó máa ń hàn nínú síkáànù CT, ó sì lè hàn nínú X-ray lásán, kí wọ́n sì sọ fún ẹni tí wọ́n gún kí ó lè máa sọ fún dókítà rẹ̀. Obìnrin òkè ṣọ́ọ̀bù kò sọ ọ́.

Gbogbo fíllà kọ́ ló ń ṣe báyìí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, hyaluronic acid, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀; kì í hàn nínú X-ray eyín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi aláìsàn sínú MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ya inú ara, á tàn bí omi, ẹni tí kò mọ̀ lè pè é ní ọyún tàbí àpò omi. Ó ní oògùn tí wọ́n fi ń yọ́ ọ bó bá di wàhálà. Ti kálísíọ́mù kò ní. Ní Brazil, tí ìgbìmọ̀ àwọn oníṣègùn eyín ti sọ títún ojú ṣe di ẹ̀ka iṣẹ́ wọn láti ọdún 2019, irú kan wà tó jẹ́ hóró ike, PMMA, tí ara kò lè jẹ títí ayé, tó lè di kókó líle lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ní ìlú ọba níbí, àwọn oníṣègùn eyín kan pẹ̀lú ń gún fíllà, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ ni, nítorí náà ẹnikẹ́ni lè rà á. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni wọ́n ti fòfin de gígún un fún ẹwà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ní England. Ti Aǹtí kò sí lábẹ́ ìyẹn.

Kò sì sí ohun tuntun nínú kí ènìyàn fi nǹkan sábẹ́ awọ kí ó sì pa á mọ́. Àwa ńkọ́ pẹ̀lú gbẹ́rẹ́? Àwọn oníṣègùn eyín Malaysia àti Indonesia mọ ọ̀rọ̀ yìí jù wá lọ: wọ́n máa ń bá abẹ́rẹ́ wúrà tín-ín-rín pàdé nínú X-ray ojú, èyí tí wọ́n ń pè ní susuk, tí wọ́n fi ń wá ẹwà àti ìfẹ́ni. Àṣírí ni. Aláìsàn mìíràn á wo fíìmù tó wà níwájú rẹ̀, á sì ní kò sí ohun tó jọ ọ́.

Ní báyìí tí mo ti mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo lè béèrè ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin ìtànṣán ti ilẹ̀ yìí, ti ọdún 2017, ní fọ́tò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìdí. Ìdí mi ni pé fíllà ti bo ṣóńṣó gbòǹgbò. A ya síkáànù CBCT, eyín méjì péré la fi ojú rẹ̀ mọ. Ẹ̀rọ yẹn kì í to nǹkan lé ara wọn. Ó ń gé e wẹ́wẹ́ bí búrẹ́dì. Fíllà wà níta, nínú ẹran, bó ṣe yẹ. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà láyè rẹ̀. Ní ṣóńṣó gbòǹgbò tó wà níwájú, lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ihò dúdú bíi mílímítà 5 wà níbẹ̀, egungun ti lọ. Ìdí rẹ̀ náà hàn: gbòǹgbò yẹn sábà máa ń ní ihò kejì tó tín-ín-rín, ẹni tó dí eyín náà kò sì rí i. Ìdọ̀tí ti ń gbé níbẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Ìbẹ̀rù mi tó kù ni kí ìdọ̀tí eyín má lọ ba fíllà, nítorí bó bá kó sí i, kò sí bí a ṣe lè yọ́ ọ kúrò. Mo ní kí wọ́n fi irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò ní ìtànṣán. Fíllà tàn níbẹ̀, ó ju òjìji sẹ́yìn ara rẹ̀, kò sí ọyún láyìíká rẹ̀. Mo ṣí eyín lọ́jọ́ náà, ọyún jáde. Abẹ́rẹ́ tí ń pa ìrora, mo rí i dájú pé kò gba inú ibi tí fíllà wà kọjá. Ó padà wá ní ẹ̀ẹ̀mejì, mo rí ihò kejì, mo fọ̀ ọ́, mo dí i.

Kí n tó kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ńlá pé kí wọ́n fagi lé òkúta itọ́, mo bi Aǹtí bóyá mo lè sọ ìdí rẹ̀. Ó ní kí n sọ ọ́ fún dókítà, kí n má sọ ọ́ fún ọmọ òun. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe.

Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi tún fọ́ọ̀mù kọ. A fi ìlà kan kún un nípa abẹ́rẹ́ ẹwà lójú, ètè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí àgbọ̀n, àti ìgbà tí wọ́n gún un. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ni ọmọ máa ń bá ìyá kọ nínú yàrá ìdúró, ọkọ á sì jókòó tì í. Nítorí náà a tún ń bi í lẹ́nu nígbà tí aláìsàn bá dá wà. Nọ́ọ̀sì wa kan ní àwọn ènìyàn á bínú. Ẹnì kan bínú lóòótọ́, ọkùnrin ni.

Ní ọdún kan lẹ́yìn náà, Aǹtí wá fún àyẹ̀wò eyín náà. Ó ń jẹ ṣàkì. Mo ya fọ́tò kékeré kan, mo gbé e fún un wò. Ní ṣóńṣó gbòǹgbò, egungun ti ń kún padà. Lórí rẹ̀, àwọn àmì funfun ti ṣá gan-an, ó ku díẹ̀.

Ó na ìka sí wọn. "Àwọn nìyí? Wọ́n ṣì ń hàn?"

"Wọ́n ṣì ń hàn díẹ̀, mà."

"Ó dáa. Owó mi ò tíì tán nìyẹn."